Oyèníran Onífótò àti Ẹyọ Òwú Tó Dá Wà

Láti Mushin títí dé Ìdí-Àràbà, kò sí àga kan tó lè fọ́nnu pé Oyèníran onífótò jókòó lórí òun títí tí òun fi móoru. Ìdúró ni í jẹun. Bí ó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ kan á wà nínú ṣọ́ọ̀bù, èkejì á ti dé ojú títì. Onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí a máa sọ pé láti ìgbà tí mọ́tò ti kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, òun kò tíì gẹ orí ọkùnrin náà tán, nítorí bí òun bá gẹ apá kan, yóò dìde, yóò ní òun ń bọ̀. Ẹni tó bá pè é ní àsọdùn, kó wá fótò Oyèníran ìgbà náà wò: irun apá ọ̀tún ga ju ti apá òsì lọ.

Àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ kì í bá a jà. Ìbejì ni wọ́n bí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, Kẹ́hìndé ni. Táyé tó kọ́kọ́ tọ́ ayé wò kò dúró pẹ́. Ibà mú un lọ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Onítẹ̀bọmi ni ìyá wọn, kò fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì wọ ilé òun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà kí ọmọ tó kù máa rìn káàkiri bí ẹni tó sọ bàtà ẹsẹ̀ kan nù. Ó fà á lọ sọ́dọ̀ onífótò. Àwọn onífótò ilẹ̀ wa sì mọ ohun tí à ń ṣe sí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ó ya ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ó wá fi pẹ́ńsùlù pa ojú ààlà àárín wọn rẹ́. Kẹ́hìndé lọ ní ẹnì kan, ó bọ̀ ní ẹni méjì. Ìyá rẹ̀ gbé e kọ́ sára ògiri, ara rẹ̀ sì rọ̀.

Fótò yẹn ni Oyèníran jogún. Ó gbé e wá sí Èkó, ó sì fi kọ́ sí ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mushin, lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ ÀWÒRÁN KÌ Í PURỌ́ sí. Bí oníbàárà bá béèrè, yóò nawọ́ sí èyí tó wà lósì, yóò ní, "Táyé mi nìyẹn." Ó sọ ọ́ títí, òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́.

Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù yìí ni Ìdíátù, ìyàwó Àmúsà tó ń fi aṣọ bo àga, pàtẹ òwú ìránṣọ, bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ sí. Ìdíátù kò bímọ, ṣùgbọ́n ó tọ́mọ. Ìyàwó kejì Àmúsà ló bí Kùdírátù, àìsàn sì mú ìyá náà lọ kí ọmọ tó já lẹ́nu ọmú. Ìdíátù ló gbé e sẹ́yìn, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tó ń ná ọjà nínákúnàá. Ọmọ náà gbọ́n, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń tà. Àmọ́ ní ọdún tó ṣíwájú FESTAC yẹn, Kùdírátù ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, gíga rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ọrùn rẹ̀ kúrú, ó sì fẹ̀ wá sí èjìká. Àyà rẹ̀ tẹ́ bíi síléètì. Kò tíì rí nǹkan oṣù rẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n Àmúsà obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Lateefat, ti rí ìdí ọ̀rọ̀ láìwo ibì kankan. "Ọwọ́ tó fi ọ̀nà ọ̀run han ìyá," ó ní, "òun náà ló so ọmọ." Kò dárúkọ Ìdíátù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ìdíátù.

Àmúsà kì í ṣe èèyàn burúkú, etí rẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Nígbà tí ó sú u, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ìdíátù, mo máa gbé ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tí wọ́n bá rí ohun tó ń ṣe é nínú ara rẹ̀, mo gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni. Tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, wàá fi ilé mi sílẹ̀."

Ìdíátù sáré jáde sọ fún Oyèníran. Oyèníran fẹ̀yìn ti òpó, ó tún yọ ẹ̀yìn, ó lọ, ó bọ̀. "Ìyá Kùdí, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ẹni tí ọkàn tirẹ̀ kò balẹ̀ rí wí. "Dókítà tí èmi ń bá ṣiṣẹ́ ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ọkùnrin yẹn máa ń wo ibi tí Ọlọ́run ti gé aṣọ èèyàn."

Kì í ṣe ẹnu lásán. Ṣáájú ìgbà náà ni Dókítà Kọ́lápọ̀ ti òkè òkun dé, ó gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdí-Àràbà, ó sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di láàbù tirẹ̀. Ọjọ́ tó wá ya fótò pásípọ́ọ̀tù ni ó bi Oyèníran pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ lè ya ohun tí ojú ò lè rí?"

"Tó bá ṣáà ti lè dúró jẹ́ẹ́," ni Oyèníran dáhùn.

Wọ́n de kámẹ́rà mọ́ orí màíkírósíkóòpù. Oyèníran yọjú wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀ ó gbàgbé láti yí ẹsẹ̀ padà. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan da ekòló wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láàárín omi: àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú, àwọn kan ṣe àgbélébùú, gbogbo wọn sì ní ilà dúdú àti funfun lára bí aṣọ òfì.

"Kòrómósóòmù ni wọ́n ń jẹ́," ni dókítà wí. "Èdè Gíríìkì ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ara tó ń mu aró. Bí a ò bá pa wọ́n láró, a ò lè rí wọn."

"Kí ni wọ́n fi ṣe wọ́n?"

Róòlù òwú kan wà lọ́wọ́ Oyèníran, tí Ìdíátù ní kó bá òun mú fún télọ̀ kan lọ́nà. Dókítà gbà á, ó tú u díẹ̀. "Ẹ wo èyí. Tí a bá tú gbogbo rẹ̀, yóò dé òpin títì yìí. Tí a bá wé e, àpò yín gbà á. Òwú wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa, DNA ni wọ́n ń pè é. Okùn méjì tó lọ́ mọ́ra ni, bí àkàbà tí ẹnì kan fún bí aṣọ tútù. Ṣúgà àti ásíìdì tí wọ́n ń pè ní fọ́sífẹ́ètì ni igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀, oríṣi mẹ́rin péré: A, T, G, C. A yìí kì í di ọwọ́ ẹlòmíràn mú àfi ti T. G kì í di ti ẹlòmíràn mú àfi ti C."

"Wọ́n mọ ilé ọkọ wọn," ni Oyèníran wí. "Ta ló wá wé òwú náà?"

"Purotéènì. Wọ́n rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Òwú á yí ọ̀kan po bí ẹ̀ẹ̀mejì, á tún kọjá sí òmíràn. Kò tíì pẹ́ tí àwọn tó ń wádìí rẹ̀ lókè òkun rí i bẹ́ẹ̀. Ásíìdì ni òwú náà, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Purotéènì yìí ní tirẹ̀ dà bí omi eérú tí àwọn aláró ń sẹ́. Ìwà wọn ò jọra, òun ló jẹ́ kí wọ́n lè di mọ́ra. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, òwú tó ti wé mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yìí á tún ká, á tún ká lórí kíká, títí á fi ki tó ohun tí a lè rí. Òun ni ekòló tí ẹ yà yẹn."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ lẹ́nu Oyèníran pé òwú tó wà nínú ara èèyàn kan ṣoṣo lè dé Ògbómọ̀ṣọ́, kó sì padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọn kò mọ̀ pé ó dín in kù ni: òwú náà á dé oòrùn, á padà, á sì tún ṣẹ́ kù tí a ó fi so gbogbo ewúrẹ́ Mushin mọ́lẹ̀.

Mabel ló ń bá dókítà ṣiṣẹ́ ní láàbù. Sapele ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Yaba ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán ju ti ọmọ Ọ̀yọ́ mìíràn lọ. Òun ni í tọ́jú ẹ̀jẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín, tí í fún un ní oògùn tó ń dá a dúró lójú ibi tó ti ń pín, tí í fún un lómi mu kó wú, kó lè tú ohun inú rẹ̀ ká. Oyèníran á yà á, á tẹ̀ ẹ́ jáde. Mabel á wá fi sísọ́ọ̀sì gé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kéré jù, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Méjì méjì ni, ọ̀kan láti ara bàbá, ọ̀kan láti ara ìyá, mẹ́tàlélógún lọ́nà méjì, mẹ́rìndínláàádọ́ta lápapọ̀. Méjì tó kẹ́yìn ló yàtọ̀: ti obìnrin, X méjì, ti ọkùnrin, X kan àti Y kékeré kan.

"Ìbejì ni gbogbo wa nígbà náà," ni Oyèníran wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí páálí náà. Ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀. Mabel ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ kan ni Mabel ká a mọ́ ibi tó ti ń fi pẹ́ńsùlù pa ojú àmì kan rẹ́ lára fótò. "Ẹ̀gbọ́n Fótò, ta ni ẹ̀ ń lé tìróò fún?"

"Àbùkù kan ló wà lára rẹ̀."

"Àbùkù yẹn gan-an ni mò ń wá. Ẹ máa ya fótò yín. Ẹ má bá wa wo aláìsàn sàn lórí bébà."

Oyèníran rẹ́rìn-ín, ó fi pẹ́ńsùlù há etí. Mabel ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Nígbà míì sẹ́ẹ̀lì á wú jù, kòrómósóòmù kan á já bọ́ níbẹ̀, á sọ nù." Ó tún ní, "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan gbọ́, àfi kí n ka ọ̀pọ̀ wọn." Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Oyèníran ti dé ìta nígbà tí gbólóhùn kejì yìí jáde. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló gbé lọ sílé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Mabel lọ sí Sapele fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Iṣẹ́ kún dókítà lọ́wọ́. Ó pe Oyèníran, ó ní, "Ẹ ti rí bí Mabel ṣe ń ṣe é. Ẹ bá mi gé èyí tí ẹ yà lánàá, ẹ tò ó sórí páálí." Kò sí orúkọ lára rẹ̀, nọ́ńbà lásán ni. Oyèníran gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni gbé ẹyin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó gé, ó tò, ó lẹ̀. Gbogbo wọn rí ẹnìkejì wọn. Ó kù ẹyọ kan. X ni, ó gùn díẹ̀, ó tẹ ìbàdí sí ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí X mìíràn, kò sí Y. Oyèníran wo abẹ́ tábìlì. Ó gbọn bùbá rẹ̀. Ó tọwọ́ bọ omi tó fi ń fọ fótò. Ó padà sí nẹ́gẹ́tíìfù, ó fi gíláàsì wò ó yípo. Kò sí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ Mabel sọ sí i lọ́kàn: ó ti já bọ́, ó ti sọ nù.

Kí ló kù? Kó gbé páálí lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹyọ kan tó dá wà ní ìsàlẹ̀ tó ń wo ibi tí kò sí ẹnì kan? Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó tún rìn dé ẹnu ọ̀nà. Lókè orí rẹ̀, àwọn ọmọdé méjì inú fótò ìyá rẹ̀ ń wò ó. Ó wọ inú yàrá òkùnkùn lọ, ó tẹ ẹyọ X náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkíní.

Kò pè é ní irọ́. Bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò pè é ní irọ́, ìyá rẹ̀ náà kò pè é bẹ́ẹ̀. Àánú ni.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí ẹnì kan kò rí rí ṣẹlẹ̀. Oyèníran fa àga jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó. Ìdíátù bojú wò ó láti ìdí àtẹ rẹ̀. "Ẹ̀jìrẹ́, ṣé kò sí o? Àbí ẹsẹ̀ ń dùn yín?"

"Ara mi balẹ̀ ni," ó wí.

"Ká pe dókítà, ká má pè é?"

Dókítà gba páálí náà, ó wò ó fìrí, aláìsàn mẹ́rin ló ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Iṣẹ́ yín mọ́ ju ti Mabel lọ."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ku bí wákàtí mélòó kan kí oòrùn wọ̀, Oyèníran rí Ìdíátù tó ń kó róòlù òwú sínú àpótí, ó ń kó wọn láìtò wọ́n ní àwọ̀ àwọ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ìyá Kùdí, ọjà ti parí lónìí?"

"Ọjà ti parí níbí, Ẹ̀jìrẹ́. Dókítà yín tó gba ẹ̀jẹ̀ Kùdí ti pè wá. Ó ní òun ti fura sí ohun kan nínú ara ọmọ, ṣùgbọ́n òun wá a, òun ò rí i. Gbogbo rẹ̀ pé. Àǹtí Lateefat ní ṣé wọ́n gbọ́? Tí kò bá sí nínú ara, ó wà lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn. Ọkọ mi ní tí òun bá kírun Jímọ̀ dé lọ́la, òun ò fẹ́ bá ẹrù mi nílé."

Oyèníran lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn. Òun ló ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ síbẹ̀.

"Ó fi páálí hàn wá," ni Ìdíátù ń wí, ó ń so okùn mọ́ àpótí. "Méjì méjì. Ẹ̀yin ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ ò bá pè wọ́n ní ẹ̀yin àti Táyé tara ògiri yẹn. Èyí tẹ ìbàdí sí ọ̀tún, ìkejì náà tẹ ìbàdí sí ọ̀tún. Ó yà mí lẹ́nu. Òwú méjì kì í bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi kí wọ́n ká bákan náà."

 Oyèníran gbójú sókè wo fótò tó wà lábẹ́ pátákó. Kẹ́hìndé lọ́tùn-ún, bọ́tìnì kejì ẹ̀wù rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Táyé lósì, bọ́tìnì kejì ẹ̀wù rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Kò ti ilẹ̀kùn. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Ó sáré gba ẹ̀yìn àwọn ilé, ó fo gọ́tà, ó ya àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó dé láàbù pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Wọ́n ti tì í. Ó kan ilẹ̀kùn títí tí ẹ̀ṣọ́ fi ní kó máa lọ, dókítà ti lọ sí Ìkẹjà, ó di àárọ̀. Oyèníran rìn káàkiri Mushin ní alẹ́ yẹn bí ajá tó já okùn. Ilẹ̀ mọ́ bá a níwájú láàbù.

Mabel ló kọ́kọ́ dé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sapele bọ̀, dókítà tẹ̀ lé e. Oyèníran kò kí wọn. "Dókítà, X tó wà ní ìsàlẹ̀ páálí yẹn, ẹyọ kan ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di méjì."

Dókítà Kọ́lápọ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ìyá rẹ̀ tí kò rántí. "Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó dá wà. Mo rò pé ìkejì já bọ́ ni."

"Mo ní kí ẹ má wo aláìsàn sàn lórí bébà," ni Mabel wí. Kò gbóhùn sókè. Ó ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ti jókòó sídìí màíkírósíkóòpù. Ó ka sẹ́ẹ̀lì kan, ó ka òmíràn, ó ka títí ọrùn fi ro ó. Márùndínláàádọ́ta ni, kò yẹ̀. Kò sí ibi tí X ti ní ẹnìkejì. Dókítà tún fa páálí náà mọ́ra, ó fojú sí àwọn méjì ìsàlẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́.

"Bákan náà ni wọ́n tẹ̀," ó wí fún ara rẹ̀. "Ó wà níwájú mi, mi ò wò ó." Ó tú táì ọrùn rẹ̀, ó tún un so. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀."

"Òní ni Jímọ̀, dókítà," ni Oyèníran wí. Kò lè dúró lójú kan. Ó ń yí ká tábìlì bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. "Lẹ́yìn ìrun ni wọ́n máa lé obìnrin náà."

Dókítà àti Oyèníran yà ní ṣọ́ọ̀bù kí Oyèníran mú nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé agbo ilé Àmúsà, ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà: àpótí òwú, ẹní, ìkòkò méjì. Ìdíátù jókòó sórí àpótí, Kùdírátù jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ibi tí ìyá òun bá ń lọ ni òun ń lọ. Àmúsà dúró pẹ̀lú fìlà ìrun lórí. Àǹtí Lateefat gba àga tó dára jù nílé.

Dókítà sọ̀rọ̀. Ó ní àṣìṣe wà nínú ohun tí òun fi hàn wọ́n. Ọ̀kan ò sí nínú òwú tí wọ́n fi hun ọmọ yìí, òun ni kò jẹ́ kó ga, òun ni kò jẹ́ kó rí nǹkan oṣù.

Àǹtí Lateefat fi ìka ta ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀. "Dókítà àná ní gbogbo rẹ̀ pé. Dókítà òní ní kò pé. Lọ́la ńkọ́? Ta nínú ẹ̀yin méjèèjì ni ìyàwó àbúrò mi fún ní nǹkan?"

 Ojú Àmúsà ti ń padà sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oyèníran tú aṣọ tó fi di ohun tó gbé wá. Fótò ara ògiri rẹ̀ ni.

"Àlàájì Àmúsà, ta nìyí?" Ó nawọ́ sí ọ̀tún.

"Ẹ̀yin ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Táyé yín. Ta ni kò tíì gbọ́ ní Mushin?"

"Ẹ wo bọ́tìnì rẹ̀. Ẹ wo tèmi. Ẹ wo ibi tí mo ti fi iyẹ̀pẹ̀ pa etí." Ó mí. "Táyé ti lọ kí wọ́n tó ya fótò yìí. Èmi nìkan ni mo jókòó níwájú kámẹ́rà. Onífótò ló tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá mi lè rí oorun sùn. Táyé kò ní fótò kankan láyé yìí. Mi ò ní ohun tí mo lè fi rántí ojú rẹ̀."

Láti ìgbà tó ti dé Èkó, kò sọ ọ́ fún ẹnì kan rí. Ó gba páálí lọ́wọ́ dókítà, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò, ó fi hàn wọ́n bí X méjèèjì ṣe tẹ ìbàdí síbì kan náà. "Ohun tí wọ́n ṣe sí mi ni mo ṣe sí èyí. Dókítà kò mọ̀. Ìyá Kùdí kò mọ̀." Ó fi èékánná ká etí X kejì, ó ṣí i kúrò. Gọ́ọ̀mù fi àmì funfun sílẹ̀ níbẹ̀. "Èyí tó kù ni ti Kùdírátù."

Àmúsà tẹ̀ ba, ó wo páálí, ó wo fótò, ó tún wo páálí. "Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ti sọ nù," ó béèrè lọ́wọ́ dókítà, "ṣé èèyàn ò lè jí i ni?"

Dókítà mú róòlù òwú kan nínú àpótí Ìdíátù. "Ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá pàdé, ó di sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀ ni ẹyọ òwú yìí ò ti sí. Kò tíì ní ojú nígbà yẹn, kò tíì ní ọwọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá tó bí i. Ní ti pé ká jí i, tí ọwọ́ èèyàn bá lè wọ ibẹ̀ lọ mú ọ̀kan jáde, ọwọ́ tèmi ì bá ti wọ ibẹ̀ lọ láti dá a padà. Mi ò lè ṣe é. Ẹni tó lè ṣe é kò tíì sí."

Kùdírátù ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé mo máa bímọ?"

Dókítà wo ilẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Ó ṣòro. Mi ò ní tún fi irọ́ kún ọ̀rọ̀ yìí. Oògùn wà tó máa mú kí ara rẹ di ti obìnrin, a máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti ọmọ, mi ò rí i."

 Ọmọ náà ń yí etí ẹní mọ́ ìka, ó ń tú u. "Ìyá mi náà ò bímọ," ó wí. "Ẹ bi í bóyá kò lọ́mọ."

Àǹtí Lateefat ń wá bàtà rẹ̀. Àmúsà kò bá a wá a. Ó bọ́ fìlà ìrun, ó tì í bọ àpò, ó gbé ìkòkò méjèèjì wọlé, ó jáde, ó dúró síwájú àpótí tí ìyàwó rẹ̀ jókòó lé. "Dìde kí n gbé e," ó ní.

Ìdíátù kò tètè dìde. Ó jẹ́ kó dúró díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àtẹ òwú padà sí àyè rẹ̀, fótò náà padà sábẹ́ pátákó. Nígbà tí oníbàárà bá béèrè, Oyèníran á nawọ́ sí ọ̀tún, á ní, "Èmi." Á nawọ́ sí òsì, á ní, "Èmi náà ni." Bí wọ́n bá ní Táyé ńkọ́, á ní kámẹ́rà ò bá a.

Ọjọ́ kan Ìdíátù mú Kùdírátù wá kó ya àwọn méjèèjì pọ̀. Ó yà wọ́n, ó sáré wọ yàrá òkùnkùn, ó jáde pẹ̀lú nẹ́gẹ́tíìfù, ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀ ìta. Ọrùn ọmọ náà kúrú níbẹ̀, ó fẹ̀ wá sí èjìká. Ọwọ́ Oyèníran lọ sí etí, ó fa pẹ́ńsùlù yọ.

"Bọ̀dá Fótò," ni Kùdírátù wí láti ẹ̀yìn rẹ̀, "kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ìlà kékeré kan ló wà níbí."

"Ọrùn mi ni."

"Mo rí i."

"Ẹ fi í sílẹ̀."

Oyèníran fi pẹ́ńsùlù padà sí etí. Ó tún yọ ọ́, ó jù ú fún Ìdíátù sórí àtẹ láàárín àwọn abẹ́rẹ́, ó ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lójú títì.